Orí Méjì, Ẹ̀yìn Kan

Bí ẹ bá ti ń fura pé owó ẹyọ náà kì í balẹ̀ bí ọkùnrin yìí ṣe ń sọ ọ́, ẹ ò ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká ti mú ìyẹn kúrò nílẹ̀, kí ẹ má baà máa wò mí bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún yín.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn olùkọ́ yòókù ti gba ilé lọ. Ọ̀gá Déédé nìkan ló ṣẹ́kù nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé fóònù kan sétí, ó gbé èkejì kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Lójú fóònù ti orí tábìlì yìí, owó ẹyọ kan tó ń tàn yanran ń yí bí òòyì. Ó yí, ó yí, ó dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn.

"Ṣé ó ti balẹ̀?" ni àbúrò rẹ̀ obìnrin béèrè létí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ó ṣì ń yí." Ọ̀gá Déédé ti fi ìka tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn.

"Owó wo ló ń yí tó báyìí? Àbí ìjì ń jà lọ́dọ̀ yín ni?"

"Nínú fóònù ló ti ń yí, àbúrò mi. Ní sùúrù." Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Orí. Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti balẹ̀ báyìí. Orí ni."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Orí," ni obìnrin náà wí. "Ó dáa. A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi náà ni Ìyá máa wà. Mo fẹ́ fi ọ̀la gé aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ́léósinmi yẹn ni. Igba ọmọ, Bọ̀dá mi, wọ́n sì ní bí mi ò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn á gbé e fún ẹlòmíì."

"Háà. Ó mà ṣe o. Tó bá ṣe pé ọwọ́ mi ló wà ni…"

"Mo mọ̀. Kò sí lọ́wọ́ yín. Owó ló sọ̀rọ̀. Ẹ sinmi dáadáa o."

Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin wa kò purọ́. Ọ̀rọ̀ irọ́ a máa rí i lára bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ ariwo ṣọ́ọ̀kì tó ń họ pátákó. Owó náà dorí lóòótọ́. Ohun tí kò sọ kò ju pé ó ti kọ́kọ́ dẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó sì mọ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ pé ẹni tó bá ń ju owó títí yóò fi dorí, orí náà ni yóò rí gbẹ̀yìn. Kò nílò oríire kankan. Kò nílò ju ìka kan lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Déédé. Ó mọ̀, ó sì wù ú, ó kàn máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Òun ni ọkùnrin tó máa ń ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí méjì fún olùkọ́ méjì tí yóò sì gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ wò bóyá ìkan wúwo ju ìkan lọ. Òun ló mú owó ẹyọ orí fóònù wọ ilé ìwé náà. Ṣáájú ìgbà náà, ìjà ni wọ́n máa ń jà lórí ta ni yóò dúró lóòrùn ṣọ́ àwọn ọmọ lásìkò eré, kíláàsì wo ni yóò kọ́kọ́ lo pápá. Ní báyìí, wọ́n á ní, "Ẹ pe Ọ̀gá Déédé," yóò sì wá, yóò gbé fóònù sókè kí gbogbo ojú rí i, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ á parí. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé yìn ín nípàdé, ó tẹ orí ba, ó sì jẹ́ kí orí náà pẹ́ nílẹ̀ tó kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí i.

Ṣé ẹ rí i báyìí pé kò lè jẹ́ ẹlòmíì ló máa mú owó ẹyọ wọ ọ̀rọ̀ Ìyá?

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá fi gé tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó réluwé. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni iyè rẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀ bí agbè tó sán. Ọ̀dọ̀ àbúrò, tó ń ránṣọ, ni wọ́n gbé e lọ, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà níwájú ilé, yàrá sì wà lẹ́yìn, ojú rẹ̀ á tó Ìyá láti àárọ̀ Mọ́ńdè dé ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ló wá ku kí wọ́n pín. Sátidé sì ni ọjọ́ tí iṣẹ́ télọ̀ máa ń pọ̀ jù, ọjọ́ tí gbogbo oníbàárà máa ń wá gba aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n jọ ṣèpàdé.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan," ni àbúrò ti wí nígbà náà. "Ẹ gbé wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí n mú wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀gá Déédé rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ kékeré bi ní ìbéèrè. Ó ṣàlàyé fún un fún bí ìdajì wákàtí. Ó ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń bí àríyànjiyàn, pé ẹnì kan á ní òun rìnrìn àjò, ẹnì kejì á ní ara òun ò yá, ṣùgbọ́n owó ẹyọ kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Bó bá dorí, kí Ìyá jókòó síbi tó wà. Bó bá dẹ̀yìn, òun á wá gbé e láago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, òun á dá a padà ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Aya rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nítorí náà yàrá wà.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé," ni àbúrò wí.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ju owó náà lẹ́ẹ̀kan, ó dẹ̀yìn, ó sì lọ gbé ìyá rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ìyẹn gbọ́. Tayọ̀tayọ̀ ni.

Kí wọ́n tó dé ilé, Ìyá ti béèrè pé, "Ṣé réluwé ti dé?"

"Ó ti lọ, Ìyá."

"Èwo ló tún kù?"

Lẹ́yìn oúnjẹ ó tún béèrè. Nígbà tí wọ́n ń wo tẹlifíṣàn ó tún béèrè. Ọ̀gá Déédé kò lè rí ohun tó ń tẹ̀ léra kó má kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógójì ló kà kí ó tó di ọ̀sán Sọ́ńdè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrìnlélógójì, ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì lò fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan láti ọdún méjìlélógún tó ti ń kọ́ni.

"Kò sí réluwé! Kò sí réluwé kankan tó ń bọ̀, Ìyá! Èmi ni mo wá gbé yín, èmi náà ni màá máa wá gbé yín! Ṣé ó ti yé yín báyìí?"

Ìyá dìde lórí àga. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, bí ọmọ tí wọ́n mú níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

"Ó ti yé mi," ló wí. "Ẹ má bínú, sà."

Sà. Ìyá tó bí i lọ́mọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, tí owó ẹyọ tún dẹ̀yìn, ìka rẹ̀ ti tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan sí i kí orí rẹ̀ tó mọ ohun tí ìka ń ṣe. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ mọ bí ẹ̀ẹ̀kan péré ṣe máa ń rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá ń sọ pé orí, orí, orí, títí lọ, àwọn aláìmọ̀kan pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Nítorí náà ló ṣe ń dá ẹ̀yìn sí i, bí ìgbà tí èèyàn ń dá iyọ̀ sí ọbẹ̀: orí méjì, ẹ̀yìn kan, nígbà mìíràn orí kan, ẹ̀yìn kan, kó má baà dọ́gba jù. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó bá fún ara rẹ̀ ní ẹ̀yìn, yóò lọ gbé Ìyá, yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, yóò sì máa ka wákàtí. Kò jágbe mọ́. Ìyá náà kò bi í léèrè réluwé mọ́ láti ọjọ́ náà, kódà lẹ́ẹ̀kan. Á kàn jókòó jẹ́jẹ́, á máa wò ó. Ó dá a lójú pé ẹ̀rù òun ló ń bà á. Bó bá sì ti wo ojú yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, orí méjì mìíràn a tún dà bí ẹ̀tọ́ fún un.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún, èyí tí ẹ bá wa níbẹ̀.

*

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó kọ ÌṢEÉṢE gàdàgbà sójú pátákó. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí ju gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún lọ, nítorí idán kan tó wà níbẹ̀.

"Ẹ̀yin tó wà lápá ọ̀tún," ló wí, "ẹ lọ sídìí kọ̀ǹpútà, kí kálukú ju owó ẹyọ orí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún. O fún orí, Ẹ fún ẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ bó bá ṣe bọ́. Ẹ̀yin apá òsì, ẹ ò ní ju nǹkankan. Ẹ hùmọ̀ àádọ́ta láti inú orí yín, kí ẹ sì gbìyànjú láti tàn mí jẹ. Ẹ da gbogbo ìwé pọ̀, ẹ má kọ orúkọ. Mò ń bọ̀."

Nígbà tó padà wọlé, ó gbé ìwé wọn sọ́wọ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. "Òótọ́. Òótọ́. Irọ́. Òótọ́. Irọ́, irọ́ burúkú. Ta ló kọ èyí? Ojú ò tì ẹ́?" Nínú ogójì, méjì péré ló ṣì.

Kíláàsì dàrú. "Sà, ẹ yọjú lójú fèrèsé!" "Sà ní nǹkan lójú!"

"Mi ò yọjú, mi ò sì ní nǹkankan ju ojú méjì tí ẹ̀yin náà ní," ni Ọ̀gá Déédé wí, inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó ń fi ìka ẹsẹ̀ dúró. "Ẹ gbọ́. Ẹni tó ń hùmọ̀ máa ń bẹ̀rù. Tó bá ti kọ orí lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù, wọ́n á mú ọ. Kíá, á kọ ẹ̀yìn. Owó ẹyọ ní tirẹ̀ kì í tijú. Ó lè dorí lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, kó má wo ojú ẹnikẹ́ni. Kò rántí èyí tó ṣe kọjá. Ẹ jù ú nígbà ẹgbẹ̀rún, ní ẹ̀ẹ̀kan tó kàn, ìdajì ni fún orí, ìdajì ni fún ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí mo bá rí ìwé tí orí kò ti tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mẹta rí, mo mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀."

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè láti ìjókòó ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó tínrín, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, àti nítorí bí ó ṣe máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ àbúrò Ọ̀gá Déédé ni. Nílé, Bàbá ló ń pè é. Ní kíláàsì, bíi tàwọn yòókù ni.

"Sà, tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń hùmọ̀ ọ̀hún mọ ìṣirò ńkọ́?"

"Ẹni tó bá mọ ìṣirò," ni Ọ̀gá Déédé dáhùn, "kò ní hùmọ̀."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó fún wọn ni pé kí kálukú wá àkọsílẹ̀ orí àti ẹ̀yìn kan láti ibi tó bá wù ú, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dájọ́: ṣé owó ló ṣe é, àbí èèyàn?

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ, ó ń máàkì ìwé wọn. Ó ti máàkì mẹ́tàlá, ó ti tẹnu bọ kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀, nígbà tó ṣí ìwé Abẹ́rẹ́.

*Ibi tí mo ti rí i: ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ ni wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n lè mọ Sátidé tí wọ́n lè ṣèlérí fún oníbàárà.*

*Ẹ O O Ẹ O O Ẹ O Ẹ O O Ẹ O O Ẹ O Ẹ O O Ẹ O O Ẹ O*

*Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀yìn mẹ́sàn-án. Ìyẹn nìkan kò tó láti dájọ́, nítorí pé owó gidi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kò tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mẹta rí, ẹ̀yìn kò tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mejì rí. Mo wá ju owó ẹyọ orí fóònù ní mẹ́rìnlélógún mẹ́rìnlélógún, ìgbà ọgọ́rùn-ún. (Ìka ń dùn mí.) Kò sí ìlà kan tó rí bí èyí.*

*Ìdájọ́: wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ mọ ìṣirò díẹ̀.*

Tíì tútù sínú kọ́ọ̀pù.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ohun tó kọ́kọ́ dùn ún nínú gbogbo rẹ̀. *Díẹ̀* yẹn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó kù dé, ó sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí ọmọ náà tó tẹjú mọ́ ògiri, tó ń da àmì ṣọ́ọ̀kì kọ sínú ìwé. Ó rí àbúrò rẹ̀ tó na ọwọ́ sókè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tó ń fi ìgbàgbọ́ kọ O tí òun fi ìka hùmọ̀. Ó mú báírò pupa. Ó wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Bóyá kò fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Ó fà á. Bóyá ọgọ́rùn-ún kéré fún ẹ̀rí. Òun fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìpàdé kan: owó gidi kì í ṣe irú ìlà yìí tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ náà tọ̀nà. Ó ronú lórí méje nínú mẹ́wàá, ojú sì tì í débi pé ó wẹ̀yìn wò, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ó fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ tó ti ń fọwọ́ síwèé, kò tíì fọwọ́ sí ohun tó dájú tó bẹ́ẹ̀.

Ó dá ìwé wọn padà ní àárọ̀ Jímọ̀. Abẹ́rẹ́ gba tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó, ó wo ojú ẹni tó fún un, ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Láago mẹ́rin kù díẹ̀, ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì. Bí ó bá dorí, òun á dákẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbi tó dé. Bí ó bá dẹ̀yìn, òun á jẹ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Owó ẹyọ yí, ó yí, ó dùbúlẹ̀.

Orí. Lẹ́ẹ̀kan péré. Owó náà fún un ní ohun tó ń fẹ́ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́, kò sì lè gbà á.

Fóònù kejì dún.

"Bọ̀dá mi, aago mẹ́rin ti kọjá," ni àbúrò wí. Kò sí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn rẹ̀. "Kí ni owó wí lónìí?"

"Ẹ̀yìn ni," ni Ọ̀gá Déédé dáhùn. "Mò ń bọ̀ wá gbé wọn lọ́la."

"Ẹ ti jù ú?"

"Mo ti jù ú."

Ẹ wá wo nǹkan o. Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí fẹ́ tún ayé rẹ̀ ṣe, ọjọ́ yẹn gan-an ló pa irọ́ gidi àkọ́kọ́.

*

Kò tíì tó aago méje ààbọ̀ nígbà tó dé. Ó ti fi gbogbo ọ̀nà to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ: bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tí yóò ti dánu dúró, ibi tí yóò ti tẹ orí ba. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó gbé báàgì aláwọ̀ ewé kan lé itan. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ kàn án lórí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mò ń bọ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n kí àbúrò mi."

Nínú ṣọ́ọ̀bù, Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀. Àbúrò dúró nídìí tábìlì ìgéṣọ. Kò sí aṣọ kankan lórí rẹ̀.

"Ẹ fún ọmọ mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá," ló wí.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà á."

"Ó fi hàn mí kó tó gbé e wá fún yín. Mo ní kó má gbé e wá. Ó ní iṣẹ́ àṣetiléwá ni." Ó gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. "Mo rò pé ẹ máa fún un ní márùn-ún ni. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi tù ú nínú jọ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Déédé tò jọ fọ́n ká. Ojú rẹ̀ lọ sí ara ògiri. Àmì ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ojú òun fúnra rẹ̀ sì wà nínú dígí ọ̀hún.

"Àbúrò mi, kì í ṣe owó ló ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Èmi ni. Mò ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dorí ni. Àná pàápàá, mi ò jù ú nítorí Ìyá rárá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́…" Kò pe àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀yin rí láyé rẹ̀. "Jọ̀ọ́. Má bínú."

"Mo ti dá aṣọ àwọn ọmọ yẹn padà láti Wẹ́sidè. Igba ọmọ. Obìnrin òdìkejì títì ló gbà á." Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá dára. "Ṣebí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ́kọ́ ní ká máa ṣe é? Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ ní mi ò mọ̀wé."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fi ìdajì wákàtí sọ ọ́."

Ó sọ ti ọjọ́ tó jágbe mọ́ Ìyá, gbogbo rẹ̀, títí dórí sà. Ó ní láti ìgbà náà ni òun ò ti lè wo ojú Ìyá. Pé bó ṣe ń jókòó jẹ́jẹ́ yẹn, ẹ̀rù ni. Ó wá sọ pé láti òní lọ, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ di tòun. Bí wọ́n bá pín in déédé, mẹ́ta péré ló kù fún òun láti san, ṣùgbọ́n òun á san mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, gbogbo àwọn tí òun pè ní orí, léraléra, láìju owó kankan. Bó ṣe ń sọ ọ́, àyà rẹ̀ ń fúyẹ́. Ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́ báyìí: ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó ti ń rí i pé ìjẹ́wọ́ yẹ òun.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni àbúrò wí. "Ó dáa. Mo gbọ́."

"Àní bí o ṣe tètè múra fún wọn lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kó o máa ṣe. Aago mẹ́jọ ni mo dá, o sì ti jẹ́ kí wọ́n gbé báàgì dání láago méje."

Àbúrò wò ó.

"Èmi kọ́ ni mo múra fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo Sátidé nìyẹn."

"Gbogbo Sátidé? Àwọn tó dorí ńkọ́?"

"Bọ̀dá mi, ta ló fẹ́ jókòó máa ṣàlàyé orí àti ẹ̀yìn fún Ìyá? Wọ́n á jí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ bàtà yẹn, wọ́n á lọ jókòó síbẹ̀ yẹn. Nígbà tí oòrùn bá ti dé ibi ẹsẹ̀ wọn, mo máa ń lọ gba báàgì lọ́wọ́ wọn, màá sọ fún wọn pé iṣẹ́ ló há yín mọ́ ibi tẹ́ ẹ wà. Wọ́n á ní, 'Òótọ́ ni, ọmọ mi ò ráyè.' Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti gba báàgì yẹn."

Ọ̀gá Déédé yíjú síta. Láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rí ẹ̀yìn orí ìyá rẹ̀ àti ọ̀nà tó tẹjú mọ́.

"Réluwé ni wọ́n ń retí," ló wí. "Àbí? Réluwé ni."

"Rárá," ni àbúrò wí. "Wọn ò béèrè réluwé mọ́ láti Sọ́ńdè tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá wọn padà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti sọ fún àwọn pé kò sí réluwé kankan mọ́, pé òun fúnra rẹ̀ lá máa wá gbé àwọn."